Ọjọ́ Mẹ́rin Lójú Irin

Ọjọ́ tí físà mi jáde ni ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, pè mí lórí fóònù. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n dúpẹ́ tán. Ó ní, "Ìyá, ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́ fi wọ ọkọ̀ ojú irin níbí?" Mo ní iye ọjọ́ tó bá gbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn.

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní ìwé ìrìnnà kan wà tí wọ́n ń pè ní pásì, tí àlejò tó bá wá sí Yúróòpù lè rà. Pásì kan ṣoṣo yìí, èèyàn lè fi wọ ọkọ̀ ojú irin ní Faransé, ní Ítálì, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní Jámánì àti níbi púpọ̀ mìíràn, kò ní máa ra tíkẹ́ẹ̀tì láti ìlú dé ìlú. Àmọ́ ọjọ́ ni wọ́n fi ń tà á. Ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin láàárín oṣù kan, ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ márùn-ún, ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ méje. Òmíràn tún wà tó jẹ́ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, tí èèyàn á máa gun ọkọ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi sú u. Ti ọlọ́jọ́ mẹ́rin yẹn, ìwọ fúnra rẹ lo máa mú ọjọ́ tó wù ọ́. Ọjọ́ tí o bá jókòó sílé, wọn kò kà á. Ọjọ́ tí o bá sì jáde, ì báà jẹ́ ọkọ̀ mẹ́wàá lo wọ̀ kí ọjọ́ náà tó parí, ọjọ́ kan ni wọ́n máa kà.

"Ẹ jẹ́ ká mú ti ọlọ́jọ́ méje, Ìyá. Kí ara lè tù yín."

Mo fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n ṣe tíṣà ní Ṣábẹ. Ìṣirò ni mo fi ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní kó dúró, kí n lọ mú bírò.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣírò, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ọmọ ìyá mi, tó ń gbé ní Münster, ní ilẹ̀ Jámánì. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti fojú kàn án gbẹ̀yìn, nígbà tó wá bá wa sin ìyá wa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kíndìnrín rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀: Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, Ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀ báyẹn kò lè wọ bàálù wá sí Ṣábẹ. Bí èmi ò bá lọ, a ò ní rí ara wa mọ́ láyé. Àwa méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀, a kàn kì í sọ ọ́ síta ni.

Ilé wa kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Ṣábẹ. Nígbà tí ọkọ̀ èrò ṣì ń ti Kútọnu lọ sí Párákù, ìyá wa máa ń ta ẹyin sísè àti wàrà díndín fún àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á gbé àwo ńlá sórí, èmi á di abọ́ ata mú. Ọkọ̀ kì í dúró pẹ́. Kó tó fọn fèrè, ẹ̀gbọ́n mi á ti tà dé ìdí ọkọ̀, á sì padà wá bá mi níbi tí mo ti ń sunkún torí pé èrò kan ti gba wàrà tán, kò tíì sanwó. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ti ń rìn, kó na ọwọ́ sí ojú fèrèsé, kó gbowó, kí àwo orí rẹ̀ má sì mì. Àwọn èrò á máa pariwo yẹ̀ẹ̀ fún un. Mo rò nígbà náà pé kò sẹ́ni tó dà bíi rẹ̀ láyé, mi ò sì tíì rí ẹni tó yí mi lérò padà.

Ọkọ̀ èrò kò wá mọ́ báyìí. Koríko ti bo irin, ewúrẹ́ ń jẹ̀ láàárín rẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé ń gba ibẹ̀ kọjá sí ilé. Mò ń gbé ní Plateau báyìí, àdúgbò mìíràn ní Ṣábẹ kan náà, àmọ́ tí mo bá ń lọ sọ́jà, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ náà. Mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Àárò ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń sọ mí, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń rántí rẹ̀ dáadáa jù.

Nígbà tí mo sọ fún un pé físà ti jáde, ó kọ́kọ́ pariwo, ó sọkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà sí ti àgbà.

Ó ní, "Ṣé wàá kọ́kọ́ lọ kí Bàbá?"

Àbúrò bàbá wa ni Bàbá tó ń wí yẹn. Òun nìkan ló kù láyé nínú gbogbo àwọn tó bá bàbá wa ní ìyá àti bàbá kan náà. Turin ló ń gbé, ní Ítálì, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Mo ní mo rò pé màá kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ná, kí n kí Bàbá nígbà tí mo bá ń padà.

"Rárá o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ìwọ tí o ti tọ́ ọmọ ní Ṣábẹ, ṣé èmi ni màá tún máa kọ́ ẹ? Kí Bàbá. Lẹ́yìn Bàbá, kí ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ tó wà ní Brussels. Kò rí ẹ láti ìgbà tí ọkọ ẹ ti kú, kò sì lè wá síbi òkú. Ìgbà tí o bá kí wọn tán, kí o wá sọ́dọ̀ mi. Bí o bá kọ́kọ́ wá síbí, wọ́n á ní èmi ni mo kọ́ ẹ ní ìwàkiwà."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bọ̀ wá wò."

"Èmi rèé. Ẹ̀rọ ti so mí mọ́lẹ̀, ibo ni mo fẹ́ sá lọ?"

A rẹ́rìn-ín sí i. Mi ò bá a jiyàn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: èèyàn kì í fo àgbà kan kó lọ kí èyí tó kéré sí i. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ṣáájú rẹ̀ dé ilé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ọjọ́ kìíní, mo lọ sí Turin láàárọ̀, mo kúnlẹ̀ kí Bàbá, mo padà sí Lyon lálẹ́: ọjọ́ kan ni, nígbà tó jẹ́ pé iye ọkọ̀ kò ní láárí. Ọjọ́ kejì, Lyon sí Brussels, mo sùn mọ́jú lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ọjọ́ kẹta, Brussels sí Münster. Mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko. Ọjọ́ kẹrin, Münster sí Brussels, kí n lè wọ bàálù lọ sílé lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin. Ó dọ́gba bí iṣẹ́ tí mo máa ń ṣe sójú pátákó, kò ṣẹ́kù, kò dín.

Mo pe ọmọ mi padà, mo ní ti ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni kó mú. Ó ní, "Ìyá, ẹ fi ọjọ́ kan tàbí méjì lé e." Mo ní kí là ń fi èyí tí a ò ní lò ṣe? Ó ní kò burú. Ọmọ yẹn ti gbọ́n jù mí lọ láti ìgbà pípẹ́, àmọ́ n kì í jẹ́ kó mọ̀.

Mo di ẹrù. Mo lọ sí Kaboua, ìletò kan lágbègbè wa, lọ ra èlùbọ́ iṣu lọ́wọ́ obìnrin tí ìyá wa máa ń rà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo kó ilá gbígbẹ, ata gígún, àti ẹ̀gúsí. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ dì, mo dì í tóbi, mo fi okùn pupa so ó kí n má bàa ṣì í mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo dé Lyon. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ mi gbé mi lọ sí ibùdókọ̀, ó sì fi bí pásì náà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn mí lórí fóònù. Kí èèyàn tó wọ ọkọ̀, ó ní láti ṣí ọjọ́ náà. Tó bá ti ṣí i, tí ọkọ̀ sì ti gbéra, ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ó tún sọ pé fún àwọn ọkọ̀ tó ń sáré jù, pásì nìkan kò tó. Èèyàn gbọ́dọ̀ gba àyè ìjókòó lọ́tọ̀, àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn onípásì kì í sì í pọ̀. Ó ti gba tèmi, àlọ àti àbọ̀.

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, omi lé sí mi lójú, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Kò sí ariwo. Kò sẹ́ni tó sáré tẹ̀ lé wa. Òkè wá yọ, òkè tí òjò dídì bo orí rẹ̀, mo sì rántí àwọn òkè Ṣábẹ tí èèyàn lè gùn kó sì bọ́ sílẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Kọ́ńtúrólọ̀, ẹni tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò, wá yẹ fóònù mi wò. Ó ní kí n gbádùn ọ̀nà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú Faransé tí mo fi kọ́ ọmọ ní gírámà, ó sì yà á lẹ́nu.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló dúró sí ibùdókọ̀ Turin, òun àti ọ̀pá rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ gbá orí mi mú, kò jẹ́ kí n dìde. Oríkì wa tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ló ń kì. Mo mọ̀ nígbà náà gan-an pé ìṣirò mi ti bà jẹ́.

Nígbà tí ó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, mo sọ fún un pé mo fẹ́ máa lọ. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú.

"Ṣé iná lo wá mú ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n ti gba àyè ìjókòó fún mi ni."

"Àyè ìjókòó kúkú wà níbí."

Ọmọ rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí mi láti ẹ̀yìn. Ó fà mí lọ sí ilé ìdáná, ó ní Bàbá ti pe gbogbo àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó wà nítòsí sí ọjọ́ Ìsinmi, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ láti ilé. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ méjì ni Bàbá ti ń ka ọjọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo jókòó. Ìjókòó mi lórí ọkọ̀ alẹ́ ọjọ́ náà lọ lófìfo.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Bàbá á mú agboolé kan. Á ní, "Ó yá, ti ilé àwọn alágbẹ̀dẹ." Èmi á wá máa ka àwọn tó wà níbẹ̀ fún un. Ó máa ń béèrè ẹni tó ti kú pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́mọdé, èmi á ní ó ti lọ. Á ní kí n máa bá a lọ. Ní ọjọ́ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́kọ́ ka àwọn tó wà láàyè, kí ọ̀rọ̀ lè gùn díẹ̀. Ó bi mí bóyá tẹ̀rẹ́ẹ̀nì ṣì ń kọjá. Mo sọ fún un nípa ewúrẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá nu ojú rẹ̀. Mi ò lè bínú sí i. Mò ń bínú, àmọ́ mi ò lè bínú sí i.

Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Fi í sílẹ̀ kó gbádùn ẹ. Ṣé o mọ iye ọdún tó kù fún un?" Mo fẹ́ bi òun náà ní ìbéèrè kan náà nípa ara rẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á.

Ọjọ́ Ajé ni mo kúrò ní Turin. Ọmọ mi ti wá a títí bóyá n ó lè ti ibẹ̀ gba Brussels lọ tààrà lọ́jọ́ kan náà kí ọjọ́ kan má bàa jóná, ṣùgbọ́n àyè onípásì ti tán nínú ọkọ̀ tó yẹ, ẹrù mi tó kù sì wà ní Lyon. Mo ṣí ọjọ́ kejì lórí fóònù, mo padà sí Lyon. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣí ọjọ́ kẹta, mo lọ sí Brussels. Nígbà tí ọmọ mi ń sìn mí lọ sínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Ìyá, ọjọ́ kan ló kù. Ẹ sùn lọ́dọ̀ wọn lónìí nìkan. Lọ́la, màá ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ fún yín lọ sí Münster, kí ẹ fi ọjọ́ tó kù padà ní Ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ṣèlérí fún mi." Mo ṣèlérí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Brussels, obìnrin ni, àmọ́ ọkọ ni àṣà ní kí n máa pè é, torí ilé wọn ni mo fẹ́ wọ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí mi, ó bú sẹ́kún. Àbúrò rẹ̀ tó kú, òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Mo bá a jókòó sórí ilẹ̀, a jọ sunkún. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, mo sì rí aago tó wà lára ògiri. Mo rí i dáadáa.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo gbé àpò mi síta. Ọkọ mi àgbà jókòó nídìí tábìlì, ó ti to àwòrán ọkọ mi tó kú jọ láti ìgbà kékeré rẹ̀.

Ó ní, "Jókòó, ìyàwó wa. Àwọn ẹbí tó wà ní Liège àti Antwerp ń bọ̀ lọ́la. Wọn ò tíì bá ẹ kẹ́dùn. A ò tíì ṣe ohun kankan fún ọmọ yẹn láti ibí."

Ẹnu mi ni mo ní láti fi sọ ọ́. Gbólóhùn kan ni: "Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàìsàn, ẹ jẹ́ kí n lọ." Ọmọ ilé ìwé kékeré lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán ọkọ mi wà lórí tábìlì níwájú wa, ẹni tí mo bá gbé fún ọdún mọ́kàndínlógójì, mo sì jẹ́ opó rẹ̀. Mo jókòó. Ọmọ mi pè, mi ò gbé fóònù.

Wọ́n wá lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n kí mi, wọ́n ṣàdúrà, oníkálukú mú nínú ẹrù tí mo gbé wá láti ilé, bó ṣe tọ́ sí wọn. Ní Turin náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Ìgbà tí wọ́n lọ tán, mo rí i pé ẹnìkan ti tú okùn pupa. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ju èlùbọ́ tó lè kún abọ́ kan lọ.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ṣí ọjọ́ kẹrin. Bàálù mi máa gbéra lọ́jọ́ kejì rẹ̀, láàárọ̀. Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí n lọ kí n sì bọ̀ lọ́jọ́ náà, kí ọkọ̀ àlọ àti ọkọ̀ àbọ̀ jọ wà nínú ọjọ́ kan. Ọkọ̀ ilẹ̀ Jámánì tó ń ti Brussels lọ sí Köln kò béèrè kí n gba àyè ìjókòó. Mo wọ òmíràn ní Köln. Ilẹ̀ tẹ́jú lọ, ọgbà àti màlúù ni mò ń rí. Mò ń sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹni tó jókòó sí iwájú mi sì rò pé fóònù ni mò ń fi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ ẹ̀rọ. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo dúró dè é. Ọkọ̀ tó máa ń gbé wọn láti ọsibítù gbé e dé ní nǹkan bí agogo kan. Awakọ̀ ṣílẹ̀kùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Obìnrin kékeré kan ló sọ̀ kalẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bọ̀.

Mo kúnlẹ̀ sójú títì. Ó ní, "Dìde, jọ̀ọ́. Wọ́n á rò pé o ṣubú, wọ́n á pe ọkọ̀ ọsibítù." Ohùn rẹ̀ nìyẹn. Ohùn rẹ̀ kò tíì dínkù rárá.

Nínú ilé, mo tú èlùbọ́ náà sílẹ̀. Ó ní dókítà kò jẹ́ kí òun fẹnu kan iṣu mọ́ nítorí kíndìnrín. Mi ò mọ̀. Gbogbo ọdún tí a fi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sọ fún mi rí, kí n má bàa káàánú rẹ̀. Ó ní, "Gbé e sún mọ́ mi kí n gbóòórùn." Mo gbé e sún mọ́ imú rẹ̀. Ó fa òórùn rẹ̀ pẹ́.

"Ti Kaboua ni."

Mo ní ti Kaboua ni.

Ó bi mí ní àlàáfíà Bàbá. Ó bi mí ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó ní mo ṣeun, mo ṣe dáadáa. Ó wá ní, "Ìgbà wo ni ọkọ̀ ẹ?" Mo ní agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀. Ó ní ó dáa. Ó ní ẹ̀rọ yẹn máa ń gba gbogbo agbára òun, kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a ó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi sùn.

Mo jókòó tì í. Mo rò pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lóòótọ́. Agogo méjì kọjá. Mo bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé apá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti máa ń gún un láti so ó mọ́ ẹ̀rọ, mo sì gbọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń hó lábẹ́ awọ bí omi tó fẹ́ sè. Ẹ̀rù bà mí, mi ò sì gbé ọwọ́ mi kúrò. Agogo mẹ́ta lù. Mo lè jí i. Àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́, bí ó ti rẹ ìyá wa lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, èmi kò sì fẹ́ fi oorun rẹ̀ sanwó àṣìṣe mi. Nígbà tí àsìkò kò kù mọ́, mo pè é jẹ́jẹ́. Ó lajú. Ó ní, "Kí wọn nílé." Mo ní wọ́n á gbọ́.

Nínú ọkọ̀, kọ́ńtúrólọ̀ wo pásì mi, ó wo ojú mi, ó fi mí sílẹ̀. Ọmọ mi pè, mo wá gbé e. Mo rò pé yóò bínú. Ó kàn ń sọ pé, "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́," bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo sọ fún un pé tó bá jẹ́ ti ọlọ́jọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a mú, bóyá bákan náà ni ǹ bá ṣe. Ọkọ̀ ni mo ṣírò. Mi ò ṣírò èèyàn, mi ò sì ṣírò ara mi.

Nígbà tí mo dé Ṣábẹ, àwọn àgbà ilé wá kí mi káàbọ̀. Ìròyìn ti ṣáájú mi dé láti Turin àti Brussels. Wọ́n ní mo ṣe ọmọ, mo ṣe ìyàwó, mo kí gbogbo àgbà bó ṣe tò tẹ̀ léra, n kò fo ẹnì kankan. Wọ́n wúre fún mi. Mò ń ṣe àmín. Mo wá gbé omi fún wọn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lè bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́. Ọjọ́ kan tí kò lọ sídìí ẹ̀rọ ni, ara rẹ̀ yá, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo ṣírò fún yín. Mo kí gbogbo wọn bí ẹ ṣe wí, kò wá ku nǹkan kan."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Nígbà tí mo ní kí o kọ́kọ́ lọ kí wọn, mo rò pé wàá kọ̀ ni."